Ọ̀nà Méjì Inú Ọ̀pá Ẹ̀yìn

Òṣìṣẹ́ tí ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ní àgbègbè ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Ìsọlọ̀ kì í wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó mọ ibi tí ó wà. Okùn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn, tí kò nípọn ju ìka ọmọńdinrín lọ, ni ó ń gbé ìròyìn náà lọ sí ọpọlọ. Ìròyìn ìrora àti ooru a máa rékọjá sí apá kejì okùn náà kété tí ó bá wọlé. Ṣùgbọ́n ìròyìn ibi tí ẹsẹ̀ wà a máa gba ẹ̀yìn okùn gòkè tààrà, ìsàlẹ̀ ọpọlọ ni ó ti ń rékọjá.

Ọ̀nà kejì yìí wà lára ohun tí ó bàjẹ́ nínú àìsàn agbègbè Ẹ̀pẹ́ tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ nípa rẹ̀ ní 1968, tí ó sì so mọ́ májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa. Ojú ni irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ fi ń dúró; bí ilẹ̀ bá ṣú, a ṣubú.

Ẹ̀yin ará, bí òbí yín bá ń ṣubú nínú òkùnkùn, ẹ má ṣe sọ pé àjẹ́ ni. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì tètè mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà: àwọn okùnfà kan ní ìtọ́jú bí a bá tètè rí wọn.