Ìbéèrè Àràmàǹdà Níbi Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

“Ẹyin mélòó ni àwọn ará Ìkẹjà ń jẹ lójúmọ́?” Ìbéèrè tí wọ́n bi mí nìyí nígbà tí mo wá iṣẹ́ títúmọ̀ èdè lọ sí iléeṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ọba Àkran. Mo dákẹ́, mo ń làágùn. Iṣẹ́ náà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Iléeṣẹ́ Google pàápàá fẹ́ràn irú ìbéèrè báyìí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2013, Laszlo Bock, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbẹ̀, sọ fún ìwé ìròyìn New York Times pé ìfàkókòṣòfò gbáà ni: kì í fi ẹni tó máa mọ iṣẹ́ ṣe hàn, ẹni tó ń béèrè ló kàn ń rí ara rẹ̀ bí ọlọ́gbọ́n.

Àlọ́ àpamọ̀ ti kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nílé: ẹni tó ti gbọ́ àlọ́ rí ló ń tètè dáhùn, kì í ṣe dandan kó jẹ́ òun ló gbọ́n jù.

Bí wọ́n bá bi yín, ẹ má ṣe dákẹ́ bíi tèmi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí ẹ ṣe ń rò ó. Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́, ẹ gbé àyọkà kan fún atúmọ̀ èdè kó túmọ̀ rẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ la ti ń mọ òṣìṣẹ́.