Ètò Linux lórí Kọ̀ǹpútà tí Kò Wọ́pọ̀: Àpẹẹrẹ Ẹ̀rọ PowerPC

Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí tábìlì àwọn ènìyàn lóde òní ni ó ń lo CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí ó jẹ́ ti ìdílé x86 tí iléeṣẹ́ Intel bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1978. Ìdílé ARM ni ó gbajúmọ̀ nínú fóònù alágbèéká. Ṣùgbọ́n àwọn ìdílé mìíràn wà tí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ wọ́n: PowerPC, SPARC, Alpha, m68k àti RISC-V. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ni ó ní èdè tirẹ̀. Àṣẹ tí a kọ fún x86 kò yé PowerPC rárá, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Yorùbá kò ṣe lè yé ẹni tí kò gbọ́ ju Haúsá lọ, àfi bí a bá túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ìbéèrè tí ó jẹyọ ni pé, bí iléeṣẹ́ tí ó ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá kẹ̀yìn sí i, ṣé ìgbẹ̀yìn ẹ̀rọ náà ti dé nìyẹn? Àpilẹ̀kọ yìí dáhùn ìbéèrè náà nípa ṣíṣe àlàyé bí ètò ìṣiṣẹ́ tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba ṣe ń mú kí ẹ̀rọ PowerPC ti iléeṣẹ́ Apple máa ṣiṣẹ́ lọ.

Ìtumọ̀ ètò ìṣiṣẹ́ tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba

Ètò ìṣiṣẹ́ ni alábòójútó kọ̀ǹpútà. Òun ni ó ń pín mẹ́mọ́rì fún àwọn ètò yòókù, òun ni ó ń gba ohun tí a tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù, òun náà ni ó sì ń tọ́jú fáìlì. Èdè ìkọ̀ètò bíi C ni àwọn onímọ̀ fi ń kọ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni ètò ògbufọ̀ kan yóò túmọ̀ rẹ̀ sí èdè CPU kan pàtó. Nínú ètò tí iléeṣẹ́ tì pa, ìtumọ̀ nìkan ni oníbàárà ń rí gbà. Ojúlówó àkọsílẹ̀ wà nínú àpótí iléeṣẹ́. Nínú ètò tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ojúlówó àkọsílẹ̀ náà wà fún tẹrú-tọmọ, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ní ìmọ̀ lè tún un túmọ̀ sí èdè ẹ̀rọ mìíràn.

Ní ọdún 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Linux fún kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tí ó ní CPU Intel 386. Òun fúnra rẹ̀ kò lérò nígbà náà pé yóò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ìdílé mìíràn. Síbẹ̀, nígbà tí Linux 1.2 jáde ní ọdún 1995, ó ti ń gbọ́ èdè Alpha, SPARC àti MIPS. NetBSD, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993, fi ṣíṣe iṣẹ́ lórí onírúurú ẹ̀rọ ṣe òpó kan pàtàkì nínú ìlànà rẹ̀.

Ìtàn PowerPC ní ṣókí

Apple, IBM àti Motorola ni wọ́n pawọ́ pọ̀ dá PowerPC sílẹ̀ ní ọdún 1991. Ní ọdún 1994, Apple gbé Power Macintosh àkọ́kọ́ jáde. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2005, iléeṣẹ́ náà kéde pé òun ń kó lọ sọ́dọ̀ Intel, ó sì parí ìkólọ náà ní ọdún 2006. Mac OS X 10.5 ti ọdún 2007 ni ó kẹ́yìn tí ó gbọ́ èdè PowerPC, 10.6 tí ó jáde ní ọdún 2009 kò gbọ́ ọ mọ́. Ẹni tí ó ra iBook G4 ní ọdún 2005 kò ní ju ọdún mẹ́rin lọ kí ètò ìṣiṣẹ́ tuntun tó ré ẹ̀rọ rẹ̀ kọjá. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà bàjẹ́. Àtúnṣe ààbò ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, ewu sì ni láti fi ẹ̀rọ tí kò rí àtúnṣe ààbò gbà wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìṣòro tí ìtumọ̀ nìkan kò yanjú

Ẹnì kan lè rò pé bí a bá ti tún kóòdù túmọ̀, iṣẹ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ni ọ̀rọ̀ ìtòtẹ̀léra báìtì. Bí Yorùbá bá ń ka 21, ó ń wí pé mọ́kànlélógún: ọ̀kan ṣáájú, ogún tẹ̀ lé e. Bí a bá sì fi figọ̀ kọ ọ́, 2 ni ó ń ṣáájú. Iye kan náà ni, ètò rẹ̀ ni ó yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni x86 ń fi ìpín kékeré nọ́ńbà ṣáájú nínú mẹ́mọ́rì, tí PowerPC ti Apple sì ń fi ìpín ńlá ṣáájú.

Lẹ́tà Yorùbá kan tó láti fi ìdí èyí múlẹ̀. Nínú Unicode, nọ́ńbà lẹ́tà ọ ni 1ECD. Bí a bá fi ìlànà UTF-16 kọ ọ́ sí báìtì méjì, PowerPC yóò kọ 1E kí ó tó kọ CD. X86 yóò kọ CD kí ó tó kọ 1E. Bí ètò tí kò fiyè sí ìyàtọ̀ yìí bá ka fáìlì tí ó wá láti orí ẹ̀rọ kejì, CD1E ni yóò rí, lẹ́tà èdè Kòríà kan ni yóò sì hàn lójú ẹ̀rọ dípò ọ. Ìlànà UTF-8 yẹra fún wàhálà yìí, nítorí pé báìtì kọ̀ọ̀kan ní ààyè tirẹ̀ tí kì í yí padà: E1, BB, 8D ni ọ lórí ẹ̀rọ méjèèjì.

Gbígbé Linux sórí ẹ̀rọ PowerPC

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni mímọ ohun tí ń jí ẹ̀rọ náà. Kì í ṣe BIOS tí ó wà nínú x86 ni. Open Firmware ni. Bí a bá tẹ bọ́tìnì C mọ́lẹ̀ nígbà tí a ń tan ẹ̀rọ, yóò wá ètò ìṣiṣẹ́ nínú àwo CD. Ìkejì ni pípín àyè inú dísìkì. Ìlànà ìpínlẹ̀ ti Apple ni ó yẹ ní lílò, a sì gbọ́dọ̀ ya àyè kékeré kan sọ́tọ̀ fún ètò tí yóò jí Linux. Ẹni tí ó bá lo ìlànà x86 níbí lè rí i pé ẹ̀rọ náà kò ní jí.

Ìkẹta ni íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yà Wi-Fi inú ọ̀pọ̀ iBook àti PowerBook G4 nílò fáìlì kan tí ó jẹ́ ti iléeṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀yà náà, tí kò sì sí nínú Linux. Ìdí nìyí tí ó fi dára láti lo okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì títí a ó fi rí fáìlì náà gbà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rọ náà wúlò fún ọ̀rọ̀ títẹ̀, kíka ìwé àti kíkọ́ ìmọ̀ ìkọ̀ètò. Àtẹ kíbọ́ọ̀dù Nàìjíríà tí ó ní ẹ̀yà Yorùbá, Ìgbò àti Haúsá wà nínú àkójọ àtẹ tí Linux ń lò, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín PowerPC àti x86 ní ti èyí. Àmọ́ kí a má tan ara wa: Google kò ṣe Chrome fún ẹ̀rọ yìí, fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ń ni ín lára, ọ̀pọ̀ alágbèéká G4 ni kò sì lè gba mẹ́mọ́rì tí ó ju gígábáìtì 2 lọ.

Àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀

Kóòdù tí ó wà ní gbangba kì í tọ́jú ara rẹ̀. Debian ṣe ètò fún PowerPC yìí títí di Debian 8 ti ọdún 2015. Nígbà tí Debian 9 jáde ní ọdún 2017, ó ti yọ ọ́ kúrò lára àwọn ẹ̀rọ tí ó ń tì lẹ́yìn. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ni ó ń bá a lọ lábẹ́ Debian Ports. OpenBSD àti NetBSD náà kò fi í sílẹ̀.

Irú ìdágbére bẹ́ẹ̀ kan ibi tí Linux ti ṣẹ̀ pàápàá. Linux 3.8 ti ọdún 2013 yọ Intel 386 kúrò, ẹ̀rọ tí a bí Linux sórí rẹ̀, nítorí pé ìtọ́jú rẹ̀ ti di ẹrù fún àwọn tí ń kọ kóòdù. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Linux 6.7 jáde láìsí Itanium nínú rẹ̀. Ní ìdà kejì, RISC-V tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley ní ọdún 2010 ti di ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ tí Debian 13 ti ọdún 2025 ń tì lẹ́yìn. Ohun tí ó ya ẹni tí ń bọ̀ sọ́tọ̀ sí ẹni tí ń lọ ni iye ọwọ́ tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Iṣẹ́ àwọn díẹ̀ wọ̀nyí kò mọ sí orí ẹ̀rọ tiwọn. Àṣìṣe tí ó fara pamọ́ lórí x86 sábà máa ń hàn gbangba lórí PowerPC, bíi ti lẹ́tà ọ tí a mẹ́nu bà lókè. Bí wọ́n bá tún un ṣe, àǹfààní rẹ̀ ń kárí gbogbo ènìyàn.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwùjọ tí ó ń ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà ní Computer Village ní Ìkẹjà ni ẹlòmíràn ti lò kí ó tó dé ibẹ̀, ìgbà tí iléeṣẹ́ dá fún un sì lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Níbi tí kóòdù bá ti wà ní títì pa, iléeṣẹ́ nìkan ni ó ń pinnu ọjọ́ tí ẹ̀rọ yóò di ohun àkìtàn. Níbi tí ó bá ti wà ní gbangba, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ náà lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí èdè kò ṣe lè wà láàyè nínú ìwé nìkan láìsí ẹni tí ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kóòdù gbangba kò lè gba ẹ̀rọ là láìsí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà, tí ó sì ṣe tán láti tún un ṣe. Kíkọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ yìí, àní lórí ẹ̀rọ àtijọ́ tí owó rẹ̀ kò wọ́n, jẹ́ ọ̀nà kan láti rí i pé àwọn ọwọ́ náà kò tán.