Ẹ̀yin òbí, fóònù kì í ṣe alágbàtọ́ ọmọ

Ní ọ̀pọ̀ ilé lóde òní, bí ọmọ bá ti ń sunkún, fóònù ni wọ́n máa ń gbé lé e lọ́wọ́. Ọmọ á dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni ó mọ ohun tí ó ń wò?

Ní ọdún 2019, Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé là á kalẹ̀ pé kò yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 jókòó ti fóònù tàbí tẹlifíṣàn rárá, àti pé kí ti ọmọ ọdún 2 sí 4 má kọjá wákàtí 1 lóòjọ́. Eré sísá, oorun àti ìtàn tí àgbà ń sọ fún un ni ó ń mú un dàgbà dáadáa.

Ní ti àwọn tí ó ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́, íntánẹ́ẹ̀tì wúlò fún wọn. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn pátápátá. Ẹ fi àkókò sí i. Pálọ̀ ni kí wọ́n ti máa lò ó, kí fóònù má bá wọn wọ yàrá lálẹ́. Family Link, tí Google gbé jáde ní ọdún 2017, lè bá yín ti fóònù Android ọmọ pa bí àkókò bá tó.

Ṣùgbọ́n títì nìkan kò tó. Àjèjì tí ó ń bèèrè àwòrán ọmọ lè gba orí fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé sí i lára. Bí ó bá jẹ́ pé ẹgba ni ọmọ ń retí, kò ní í sọ. Nítorí náà, ẹ sọ ara yín di ẹni tí ó lè finú hàn.