Wúrà ni àbí òkúta lásán? Bí ẹ ṣe lè dá òkúta mọ̀ nílé

Ẹni tó bá dàgbà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà á ti gbọ́ ọ rí pé wúrà wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Òótọ́ ni, àwọn tó ń wà á sì wà létí odò. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dán yinrinyinrin nínú iyanrìn odò, mica ni lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà míì, ó lè jẹ́ pyrite, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní wúrà òmùgọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ lè kó owó gidi fún oníjìbìtì. Ó tún lè fi ẹ̀mí àwọn ọmọ inú ilé ẹ̀ wewu. A máa dé orí ìyẹn.

Àlùmọ́ọ́nì yàtọ̀ sí òkúta

Ẹ ronú nípa àdàlú. Ẹ̀wà dá wà, àgbàdo dá wà. Tí a bá sè wọ́n pọ̀, ó di àdàlú. Àlùmọ́ọ́nì ló dà bí ẹ̀wà tàbí àgbàdo: ohun kan ṣoṣo ni, èròjà inú rẹ̀ sì tò létòlétò. Òkúta ló dà bí àdàlú, torí àlùmọ́ọ́nì oríṣiríṣi ló sábà máa ń para pọ̀ di òkúta.

Ẹ mú ẹyọ kan nínú òkúta gíránáìtì tí àwọn bíríkìlà ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì, kí ẹ wo ojú ibi tó ti fọ́ nínú oòrùn. Èyí tó dà bí ìgò fífọ́ ni quartz. Èyí tó funfun tàbí tó pọ́n díẹ̀ ni feldspar. Èyí tó dúdú, tó fẹ́lẹ́, tó sì ń dán, mica ló sábà máa ń jẹ́.

Ìdílé mẹ́ta ni òkúta ní

Ìdílé kìíní ni òkúta tó ti yọ́ bí omi nínú ooru ìsàlẹ̀ ilẹ̀, tó wá tutù, tó sì le. Àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta àti òkè Ìdànrè wà nínú ìdílé yìí. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti tutù díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè fojú rí ẹyọ àlùmọ́ọ́nì inú wọn.

Ìdílé kejì ni èyí tó ṣẹ́ jọ lélẹ̀: iyanrìn, ẹrẹ̀ tàbí ìkarahun ẹranko omi tó ń gorí ara wọn títí wọ́n fi le. Òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì nìyẹn. Ní nǹkan bíi 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkun ló bo ibẹ̀!

Ìdílé kẹta ni èyí tó ti jẹ́ òkúta tẹ́lẹ̀, tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ wá yí padà láì yọ́, bí iná ṣe ń sọ amọ̀ di ìkòkò. Marble ti Ìgbẹ́tì wà níbí.

Àyẹ̀wò mẹ́rin tí ẹ lè ṣe

1. Líle. Ní 1812, ará Jámánì kan, Friedrich Mohs, to àlùmọ́ọ́nì láti 1 dé 10: èyí tó bá le jù á fá èyí tó rọ̀ jù. Talc ni 1, dáyámọ́ńdì ni 10. Èékánná yín tó nǹkan bíi 2.5, dígí tó 5.5, quartz sì jẹ́ 7. Tí òkúta yín bá fá dígí, ó le ju 5.5 lọ nìyẹn. Òkúta tí talc pọ̀ nínú ẹ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ère Èsìẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kwara, tó lé ní 1,000. Torí pé ó rọ̀ ni wọ́n fi rí i gbẹ́ bẹ́ẹ̀.

2. Àwọ̀ ẹtù rẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ ara òkúta. Quartz nìkan lè funfun, ó lè pọ́n díẹ̀, ó sì lè ní àwọ̀ àlùkò. Ẹ fi òkúta náà fa ìlà sí ẹ̀yìn táìlì, níbi tí kò dán. Ìlà wúrà á pupa rúsúrúsú bíi wúrà fúnra rẹ̀. Ti pyrite á dúdú.

3. Bó ṣe ń fọ́. Mica máa ń ṣí ní ìpele-ìpele bí ojú ìwé. Quartz ń fọ́ ségesège bí ìgò.

4. Fínígà. Ẹ ha òkúta náà díẹ̀, kí ẹ kán fínígà sórí ẹtù rẹ̀. Òkúta bíi ti Ewékorò á hó, gíránáìtì ò ní hó.

Ó wá kan wúrà

Wúrà wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 19. Pyrite ò ju ìlọ́po 5 lọ, mica tún fúyẹ́ ju ìyẹn lọ. Ẹ fi aṣọ bo ẹyọ kékeré kan, kí ẹ fi òòlù lù ú. Wúrà á tẹ́ pẹrẹsẹ, pyrite á fọ́ wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò kan ṣoṣo ò tó o. Ó kéré tán, kí mẹ́ta fohùn ṣọ̀kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ òkúta nílé

Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn èèyàn ń lọ òkúta nínú agbo ilé láti yọ wúrà inú ẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé òjé pọ̀ nínú òkúta náà. Eruku òjé bo ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń ṣeré lé, ó wọ oúnjẹ àti omi wọn. Ọmọ tó lé ní 400 ló kú. Bí òjé bá wà nínú òkúta, ojú lásán lè má rí i.

Torí náà, ẹ má tọ́ òkúta lẹ́nu wò. Ẹ má gbé e sínú ẹ̀rọ tàbí orí ọlọ tí ẹ fi ń lọ oúnjẹ. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe àyẹ̀wò, níbi tí ọmọdé ò sí, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn náà. Tí ẹ bá sì rò pé ẹ ti rí wúrà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀: òfin Nàìjíríà ti 2007 sọ pé ìjọba ló ni gbogbo àlùmọ́ọ́nì, ẹni tó bá fẹ́ wà á gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ.

Lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ṣa òkúta mẹ́ta láti ibi mẹ́ta. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, torí òkúta tí a ò mọ ibi tó ti wá ṣòroó dá mọ̀. Ẹ ṣe àyẹ̀wò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ wá sọ ìdílé tí ẹ rò pé ó ti wá.