Kí ló ń lé àwọn òṣìṣẹ́ Ford jáde?

Ní ọdún 1913, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Ford tó wà ní Highland Park, nítòsí Detroit ní Amẹ́ríkà, gba èèyàn tó lé ní 50,000 síṣẹ́. Kì í ṣe pé iṣẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ o. Nǹkan bí 14,000 òṣìṣẹ́ péré ni wọ́n nílò. Bí àwọn kan ṣe ń wọlé làwọn mìíràn ń bá ẹ̀yìn jáde. Ilé-iṣẹ́ ọ̀hún kì í sì í jẹ òṣìṣẹ́ lówó.

Ohun tó yí padà lọ́dún náà ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to ọkọ̀. Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ á dúró sójú kan, àwọn mẹkáníìkì á rọ̀gbà yí i ká, wọ́n á sì tò ó dé orí táyà. Ẹni tó bá pẹ́ nídìí ẹ̀ á mọ ọkọ̀ náà tinú-tòde. Ford wá sọ ọ́ di pé ọkọ̀ ló ń rìn, òṣìṣẹ́ ló dúró. Ẹnì kan á máa ki bóòtù bọ ihò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Nọ́ọ̀tì nìkan ni ti ẹlòmíì. Férémù tó ń gba wákàtí 12 ààbọ̀ láti tò di ohun tí wọ́n ń parí ní nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀. Ọ̀gá ò tiẹ̀ ní láti pariwo mọ́. Irin tó ń wọ́ ọkọ̀ bọ̀ ló ń sọ bí ọwọ́ ṣe gbọ́dọ̀ yá tó.

Kí Ford tó dé ibẹ̀ ni ẹnjiníà kan, Frederick Taylor, ti ń wàásù irú ẹ̀. Ní ilé-iṣẹ́ irin Bethlehem ní Pennsylvania, ní 1899, ó ní kí ọkùnrin kan tó ń ru irin máa rù ú nígbà tí ẹni tó mú aago dání bá ní kó rù ú, kó sì sinmi nígbà tí wọ́n bá ní kó sinmi. Bí Taylor ṣe sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ ti 1911, irin tọ́ọ̀nù 12.5 lóòjọ́ di 47.5. Owó ọkùnrin náà kúrò ní dọ́là 1.15, ó di 1.85. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin, owó ò sì di ìlọ́po méjì. (Àwọn òpìtàn ní Taylor bu iyọ̀ sí ìtàn náà o.) Ohun tó ń wá ni pé kí ìmọ̀ iṣẹ́ kúrò lórí òṣìṣẹ́, kó bọ́ sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Lóṣù kẹjọ ọdún 1911, wọ́n gbé aago bẹ́ẹ̀ dé ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba ní Watertown, Massachusetts. Àwọn tó ń da irin níbẹ̀ yanṣẹ́ lódì, ọ̀rọ̀ sì dé iwájú àwọn aṣòfin.

Karl Marx ti kọ nípa irú nǹkan báyìí ní Paris lọ́dún 1844, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 26, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1932 ni wọ́n tó tẹ ìwé náà jáde. Ó ní òṣìṣẹ́ fákìtìrì ń di àjèjì sí ohun tó ṣe, sí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, sí ìwà ẹ̀dá tirẹ̀, àti sí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Télọ̀ tó gé aṣọ, tó rán an, tó sì rí i lọ́rùn oníbàárà lóde ìyàwó mọ ohun tí ọwọ́ òun ṣe. Ẹ wá fún un ní kọ́là nìkan kó máa rán lọ́dọọdún, kí ẹlòmíì máa dá iye tó gbọ́dọ̀ rán lóòjọ́ fún un. Iṣẹ́ á di ìyà tó ń jẹ kó lè rówó gbọ́ bùkátà nílé.

Henry Ford tó ni ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń sá lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1914, ó kéde dọ́là márùn-ún fún iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ. Ó lé díẹ̀ ní ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ya bo ẹnu géètì nínú òtútù, débi pé omi ni wọ́n fi lé wọn. Ṣùgbọ́n owó náà ní okùn nídìí. Ilé-iṣẹ́ ń rán èèyàn lọ sílé òṣìṣẹ́: ṣé kì í mutí? Ṣé ó ń tọ́jú owó pamọ́? Ṣé ilé rẹ̀ mọ́? Lójú tèmi, Ford ò wo àrùn náà. Owó ìfaradà ló san.

Michael Burawoy, onímọ̀ nípa àwùjọ, béèrè ohun tó ṣòroó dáhùn jù: kí ló dé tí òṣìṣẹ́ fi ń ṣiṣẹ́ kárakára nígbà tí ẹnikẹ́ni ò nà án ní pàṣán? Ní 1974, ó gba iṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ kan lágbègbè Chicago. Ó rí i pé àwọn èèyàn ti sọ iṣẹ́ di eré: kí wọ́n ṣe kọjá iye tí wọ́n dá fún wọn, kí wọ́n lè gba àlékún owó, síbẹ̀ kí wọ́n má ṣe é kọjá àlà, kí ọ̀gá má bàa fi kún iye náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ọ̀la yìí náà kó sínú eré ọ̀hún. Ìwé tó kọ ní 1979 là á mọ́lẹ̀: ẹni tó bá ti ń ta ayò ti gba òfin ayò.

Lọ́dún yẹn kan náà ni ìwé olùwádìí kan, Adrian Peace, jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ fákìtìrì ní Ìkẹjà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fẹ́ dàgbà síbẹ̀: kí wọ́n kówó jọ, kí wọ́n lọ dá tiwọn sílẹ̀, kí wọ́n di ọ̀gá ara wọn.

Ìrètí yẹn gan-an ni Uber àti Bolt ń tà fún awakọ̀ l'Ékòó lónìí. Awakọ̀ ló ń ra epo, òun ló ń tún ọkọ̀ ṣe, kò sì sí fọ́máànù tó dúró tì í. Ṣùgbọ́n áàpù ló ń dá owó, òun ló ń yọ tirẹ̀ kó tó kù fún un, ìràwọ̀ tí èrò bá fún un ló sì ń pinnu bóyá yóò ṣiṣẹ́ lọ́la.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 2021, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Britain fohùn ṣọ̀kan pé òṣìṣẹ́ ni àwọn awakọ̀ Uber tó gbé ẹjọ́ wá, pé owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin àti ìsinmi tí wọ́n ń sanwó fún tọ́ sí wọn. Lára ohun táwọn adájọ́ wò ni ẹni tó ń dá owó, ẹni tó kọ àdéhùn, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí awakọ̀ tó bá ń kọ èrò sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi áàpù jẹun, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn kẹ́ ẹ tó ní kò sí ọ̀gá lórí yín.