Pípa Iná àti Kíkó Àká: Èdè Iṣẹ́ fún Wíwá Àléébù inú Ẹ̀rọ Amúrólágbára Oní-ìgò

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé ní èdè Yorùbá bí a ṣe ń wá àléébù inú ẹ̀rọ tí ń mú ìró gìtá lágbára, irú èyí tí ń lo ìgò dípò tiransísítọ̀. Lóòótọ́, ọdún 1947 ni wọ́n ti ṣe tiransísítọ̀ àkọ́kọ́ ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ onígìtá ni ó ṣì fẹ́ràn ìró ti oní-ìgò títí di òní. Ìdí kejì tí a fi yan ẹ̀rọ yìí ni pé ó kọ́ àwa tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ní ẹ̀kọ́ pàtàkì: ọ̀rọ̀ kan tí kò ṣe rẹ́gí lè gba ẹ̀mí ènìyàn.

Àpẹẹrẹ tí a ó lò ni Fender Champ, irú 5F1, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní apá ìparí àwọn ọdún 1950. Ìgò mẹ́ta péré ni ó ní.

2. Orúkọ àwọn ẹ̀yà

Fáàfù ni àwọn ará Britain ń pe ìgò yìí. Túùbù ni ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wọ èdè wa, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tí ń lẹ táyà ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí. Nítorí náà ni a ṣe dábàá ìgò-adaríná: ìgò tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí ó sì ń darí ìṣàn iná. John Ambrose Fleming ni ó ṣe èyí tí ó ní ẹ̀yà méjì ní ọdún 1904. Lee de Forest fi ẹ̀yà kẹta kún un ní ọdún 1906. Nínú rẹ̀, katóòdù tí a mú gbóná ń tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde, anóòdù ń gbà wọ́n, asẹ́ sì wà láàárín. Ìyípadà díẹ̀ nínú ipá iná orí asẹ́ a máa yí ìṣàn ńlá padà. Ọ̀nà yìí ni ìró kékeré fi ń di ńlá.

Adínákù ni a pe ẹ̀yà tí ń dín ìṣàn iná kù. Àká-iná ni a pe èyí tí ń gba iná pamọ́. A kò pè é ní bátìrì, nítorí pé bátìrì ń mú iná wá láti ara èròjà inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a bá kó sínú àká nìkan ni a ń bá níbẹ̀.

Nínú Champ, ìgò 5Y3 ń sọ iná alálọbọ̀ di iná ọlọ́nà-kan. 12AX7 ń gbé ìró gìtá sókè. 6V6 ń fi agbára ti sípíkà nípasẹ̀ tiransifọ́mà.

3. Láti òde wọ inú

Kí a tó ṣí ẹ̀rọ, kí a kọ́kọ́ fi gìtá mìíràn àti wáyà mìíràn dán an wò. Kí a má ṣe tàn án láìsí sípíkà, kí tiransifọ́mà rẹ̀ má baà bàjẹ́. Bí fíúsì bá jó, kí a fi èyí tí ó bá a dọ́gba rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá tún jó, kí a yọ 5Y3. Bí fíúsì bá dúró lẹ́yìn èyí, àléébù wà lára 5Y3 fúnra rẹ̀ tàbí lára ohun tí ó ń fún ní iná. Bí a bá yọ ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí fíúsì ṣì ń jó, tiransifọ́mà iná tàbí wáyà rẹ̀ ni kí a fura sí.

Etí náà ń ṣiṣẹ́. Ìgò tí ó ń dún gbín nígbà tí a bá fi pẹ́ńsù kàn án ti ń gbọ́ ohun tí kò yẹ kí ó gbọ́. Kí a pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń kùn bí oyin, àká-iná lè ti rẹ̀. Iná ìjọba ní Nàìjíríà ń lọ bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n kíkùn tí àìlera àká ń fà jẹ́ ìgbà 100, nítorí pé 5Y3 ń lo àlọ àti àbọ̀ rẹ̀.

4. Ibi tí ewu wà

Nínú èdè wa, "mo ti pa iná" ni òpin ọ̀rọ̀. Iná àdògán tàbí ti fìtílà, bí a bá ti pa á, ó kú. Kò rí bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. A lè pa iná, kí a yọ wáyà kúrò lára ògiri, kí ipá iná inú àká sì ṣì ju fóòtì 300 lọ. Àgbẹ̀ tí ó kúrò lóko kò tíì sọ àká rẹ̀ di òfìfo.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ méjì ni ìwé ìtọ́sọ́nà gbọdọ̀ lò: pípa iná, lẹ́yìn náà kíkó àká. Láti kó àká, a ó fi adínákù 10,000 óòmù, tí a fi ọ̀rá bo wáyà rẹ̀ dáadáa, so àká mọ́ ara irin ẹ̀rọ. A ó sì fi òṣùwọ̀n iná yẹ̀ ẹ́ wò títí yóò fi sún mọ́ òdo. Ìgbà náà ni ọwọ́ tó lè wọ inú rẹ̀.

5. Wíwọn

Bí anóòdù 6V6 bá pọ́n bí ẹyin iná, ìṣàn ti pọ̀ jù. Adínákù katóòdù rẹ̀ jẹ́ 470 óòmù. Bí òṣùwọ̀n bá fi fóòtì 19 hàn lórí rẹ̀, a ó fi 470 pín 19: ìṣàn náà tó nǹkan bíi milíáńpíà 40. Bí iye yìí bá ga jù, kí a wọn asẹ́, tí ó yẹ kí ó wà ní òdo. Bí a bá rí fóòtì níbẹ̀ àní nígbà tí a ti yọ 6V6, àká-iná kékeré tí ó wà láàárín ìgò méjèèjì ni ó ń jò.

6. Ìkádìí

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ògbufọ̀ lè rí ọ̀rọ̀ tí ó dùn ju tiwa lọ fún ìgò tàbí fún asẹ́. A kò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí "pípa iná" dá dúró nínú ìtọ́sọ́nà kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka ìwé wa yóò ṣe gẹ́lẹ́ ohun tí a kọ, yóò sì ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ.