Ìtọpasẹ̀ Àlàáfíà Ọkàn ní Àkókò Àjàkáyé-Àrùn, àti Ọ̀rọ̀ Tí Ó Tọ́ fún Òṣùwọ̀n Rẹ̀

Bí Yorùbá méjì bá pàdé, "Ṣé àlàáfíà ni?" ni ìbéèrè, "A dúpẹ́" sì ni ìdáhùn. Ìdáhùn náà kì í yí padà, ìbáà ṣe pé oúnjẹ wà nílé tàbí kò sí, ìbáà ṣe pé ẹni tí a bi sùn dáadáa tàbí kò fojú ba oorun. Ìkíni ni, kì í ṣe ìwádìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn Kòrónà dé, ó di dandan fún àwọn onímọ̀ ìṣègùn ọkàn láti sọ irú ìbéèrè yìí di ìwádìí, kí wọ́n sì máa bi ẹnì kan náà léraléra. Bí èdè Yorùbá yóò bá ṣe iṣẹ́ yìí láìṣì í ṣe, ó nílò ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ní máa yẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Àjàkálẹ̀ àti àjàkáyé

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn náà ti wọ Èkó. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kárí ayé. Ibí ni ìyàtọ̀ ti yẹ kí ó wà láàrin ọ̀rọ̀ méjì: àjàkálẹ̀-àrùn ni èyí tí ó jà ká ilẹ̀ kan, àjàkáyé-àrùn ni èyí tí ó jà ká ayé. Láago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ kónílé-ó-gbélé ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni kónílé-ó-gbélé. Òfin tí ń ká ènìyàn lọ́wọ́ kò láti rìn lóru ni a ń fi í pè tẹ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn fúnra wọn ni wọ́n fẹ ìtumọ̀ rẹ̀ lójú, láìdúró de ìgbìmọ̀ kankan.

Ìtọpasẹ̀

Ìtọpinpin àti ìtọpasẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìtọpinpin ń wá ìdí ọ̀rọ̀ lọ sẹ́yìn. Ìtọpasẹ̀ jẹ́ ti ọdẹ: ọdẹ tí ó rí ipasẹ̀ kan ṣoṣo lè mọ irú ẹran tí ó kọjá, ṣùgbọ́n kò lè mọ ibi tí ó forí lé. Bákan náà ni ẹni tí ó wọn àlàáfíà ọkàn lẹ́ẹ̀kan péré nígbà àjàkáyé-àrùn.

Àpẹẹrẹ rere kan ni ìwádìí tí University College London bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 2020, lábẹ́ ìdarí Daisy Fancourt. Àwọn tí ó kópa nínú rẹ̀ lé ní 70,000. Nínú apá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde, wọ́n tọpasẹ̀ àgbàlagbà 36,520 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ 23 oṣù Kẹta, tí kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, títí di ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ. Ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ni ìdààmú ọkàn ga jù lọ. Lẹ́yìn náà ni ó ń lọ sílẹ̀ bí ara ti ń mọ́ ìgbélé. Ẹni tí ó bá wọ̀n ọ́n ní oṣù Kẹta nìkan yóò kígbe pé ìlú ti dàrú; ẹni tí ó bá wọ̀n ọ́n ní oṣù Kẹjọ nìkan yóò ní kò sí ewu. Síbẹ̀, ìdààmú àwọn ọ̀dọ́, àwọn obìnrin, àwọn tí owó tí ń wọlé fún wọn kéré, àti àwọn tí ó ti ní àìsàn ọkàn tẹ́lẹ̀, ju ti àwọn yòókù lọ.

Òṣùwọ̀n

Òṣùwọ̀n méjì ni wọ́n lò fún iṣẹ́ yìí. PHQ-9 ní ìbéèrè 9 lórí ìsoríkọ́. GAD-7 ní 7 lórí àìfọkànbalẹ̀. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní òǹkà tirẹ̀: "rárá" jẹ́ 0, "ọjọ́ mélòó kan" jẹ́ 1, "ó ju ìdajì àwọn ọjọ́ náà lọ" jẹ́ 2, "ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́" jẹ́ 3. Òǹkà àkọ́kọ́ kò lè ju 27 lọ, èkejì kò sì lè ju 21 lọ. Bí òǹkà bá ti ń ga ni ìdààmú ń pọ̀ sí i. Òdì-kejì ni WHO-5 ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí ó ní gbólóhùn 5 lórí ìdùnnú àti okun ara: níbẹ̀, òǹkà gíga ni àlàáfíà.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni gbogbo wọn ń béèrè nípa rẹ̀. Ó yẹ kí a pè é ní ọjọ́ mẹ́rìnlá bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀sẹ̀ àwọn baba ńlá Yorùbá kì í ṣe ọjọ́ méje, ọjọ́ mẹ́rin ni. Ìtàdógún ẹgbẹ́ àti ọjà sì jẹ́ ọjọ́ 16 bí a bá fi ìṣirò òde òní kà á.

Ìsoríkọ́

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a kọ́kọ́ fi ṣe àwọn òṣùwọ̀n wọ̀nyí. Ní ọdún 2006, A. O. Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé PHQ-9 ṣeé lò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ìyálọ́jà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1961, T. Adéoyè Lambo ti ilé-ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta, pẹ̀lú Alexander Leighton àti àwọn mìíràn láti Yunifásítì Cornell, ṣe ìwádìí láàrin àwọn Yorùbá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1963. Wọn kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó kó gbogbo àìsàn yìí pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn mọ àwọn àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1987 ẹ̀wẹ̀, R. O. A. Makanjuola tẹ ìwádìí jáde lórí ọdẹ orí, níbi tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ti ń ṣàlàyé pé nǹkan ń rìn lórí òun, etí òun sì ń hó. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìsoríkọ́ dára gẹ́gẹ́ bí orúkọ àìsàn nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó wà nínú ìbéèrè. Àmì ni kí a béèrè: oorun, àárẹ̀, ẹkún, ohun tí ń ṣe orí àti àyà.

Àníyàn àti oúnjẹ

Ọ̀rọ̀ méjì tí ó rọrùn lè ba òǹkà jẹ́. Àkọ́kọ́ ni àníyàn. Ìyá tí ó ń ṣe àníyàn ọmọ rẹ̀ kò ṣàìsàn, ìfẹ́ ni. Nítorí náà, àìfọkànbalẹ̀ ni ó bá òṣùwọ̀n mu. Èkejì ni oúnjẹ. Bí a bá bi alágbàṣe kan ní Èkó, nígbà kónílé-ó-gbélé, bóyá ó ń jẹun dáadáa, tí ó sì dáhùn pé "rárá", kí ni ó sọ? Ẹni tí oúnjẹ kò wù jẹ àti ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ kì í ṣe ọ̀kan náà. Oníṣègùn ni ti àkọ́kọ́. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni ti èkejì. Bí ìbéèrè kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ebi yóò di àìsàn ọkàn lórí ìwé, a ó sì fún ẹni tí ebi ń pa ní òògùn.

Ìfaradà àti ìdọ́gbọ́nsí

Ìfaradà ni ọ̀pọ̀ ìwé fi ń pe ohun tí ènìyàn ń ṣe láti la ìṣòro já. Ó kù díẹ̀ káàtó. Ẹni tí ó fara dà á dúró lábẹ́ ẹrù títí a fi sọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n aránṣọ tí iṣẹ́ dúró fún, tí ó wá ń fi àjákù aṣọ rán ìbòmú tà, kò dúró lásán; ó dọ́gbọ́n sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbàlagbà tí ó ń fi tẹlifóònù bá àwọn ọmọ rẹ̀ gbàdúrà lálaalẹ́. Ìdọ́gbọ́nsí ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ fún èyí. Ó yẹ kí ìwé ìbéèrè wọn méjèèjì lọ́tọ̀, nítorí ẹni tí ìfaradà rẹ̀ pọ̀ tí kò sì ní ìdọ́gbọ́nsí lè máa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

Ó ku ọ̀wọ̀. Ìwé tí ó bá fi "o" bi arúgbó ní ìbéèrè nípa ẹkún rẹ̀ kò ní rí òtítọ́ gbà. "Ẹ" ni kí ó lò. Bí ó bá sì fi "Ṣé àlàáfíà ni?" bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìkíni, kí ó gba "A dúpẹ́" tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ó má kọ òǹkà kankan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó béèrè iye òru tí ẹni náà kò sùn láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé pàjáwìrì Kòrónà ti parí. Àkókò tí kò sí pàjáwìrì ni ó dára jù láti tún àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ṣe, kí òmíràn má baà dé kí ó tún bá "A dúpẹ́" nìkan lẹ́nu.